Ọ́tísìmù lára àgbàlagbà: kí ni wọ́n ń wò gan-an?

"Kí ni oògùn ẹ̀?"

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Màmá Ìbàdàn lórí fóònù nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, àbígbẹ̀yìn wọn la sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: ọkùnrin ẹni ọdún 43, akáńtáǹtì, tó ń gbé ní Manchester, tí àwọn dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní ọ́tísìmù.

Mo ní, "Màmá, kò ní oògùn."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àìsàn wo ni kò ní oògùn?"

Mo ní kì í ṣe àìsàn.

"Tí kì í bá ṣe àìsàn, kí ló wá gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà?"

Ẹnu mi wọhò. Ìbéèrè tí Màmá fi kò mí lójú yẹn ni àwọn onímọ̀, àwọn òbí àti àwọn tó ní ọ́tísìmù gan-an ti ń bá ara wọn fà láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ kéà ni mò ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ilé tí àwọn àgbàlagbà tó ní ọ́tísìmù ń gbé, ìdí nìyẹn tí ẹbí fi sọ mí di dókítà òjijì. Mi ò kí ń ṣe dókítà. Àmọ́ mo ti bá wọn jẹun, mo ti bá wọn ṣọ́ òru, mo sì ti kàwé nípa ọ̀rọ̀ náà débi tí mo fi mọ ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àbímọ́ ni ọ́tísìmù. Èèyàn kì í kó o lára ẹlòmíì, kì í sì í kúrò lára ẹni. Bí ọpọlọ ṣe ń gba ayé wọlé ló yàtọ̀: bó ṣe ń gbọ́ ìró, bó ṣe ń ka ojú ẹlòmíì, bó ṣe ń di nǹkan kan mú tí kò ní fẹ́ kí wọ́n yí i padà. Inú ẹbí ló sábà ń ti wá, bí gíga àti àwọ̀ ṣe ń tinú ẹbí wá. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe emèrè. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́ ló ń fà á: Andrew Wakefield, dókítà ará Britain tó tan ọ̀rọ̀ yẹn kálẹ̀, ọmọ 12 péré ló fi kọ ìwé rẹ̀ ní 1998. Ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet tó gbé e jáde fagi lé e ní 2010, wọ́n sì yọ orúkọ òun alára kúrò nínú ìwé àwọn dókítà lọ́dún yẹn kan náà. Nígbà tí wọ́n ṣèwádìí lórí ọmọ 657,461 ní Denmark, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, ọ́tísìmù kò pọ̀ lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ju àwọn tí kò gbà á lọ. Mi ò ní padà sórí ìyẹn mọ́.

Ohun tí kò wọ Màmá létí ni pé ọmọ wọn ń sọ̀rọ̀. "Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́? Ṣebí òun ló ń san owó ilé ẹ̀? Ó mà kàwé jù ẹ́ lọ." (Òótọ́ ni, ó kàwé jù mí lọ.) Ọmọ kékeré tí kì í sọ̀rọ̀, tó ń ju ọwọ́ sókè sódò, ló wà lójú wọn. Ọmọ yẹn náà ń dàgbà o. Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tí mò ń tọ́jú ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Àmọ́ orúkọ kan náà tún bo irú àbúrò mi.

Ẹ rò ó bí ọbẹ̀. Ata, iyọ̀, epo, irú: gbogbo ìkòkò ló ní wọn, ìwọ̀n wọn ni kò dọ́gba. Ẹnì kan lè máa sọ̀rọ̀ bíi lọ́yà kó má sì lè wọ bọ́ọ̀sì tó kún. Ẹlòmíì kò ní sọ gbólóhùn kan láyé ẹ̀, kó sì máa sùn fọnfọn nínú ariwo. Ní 2013, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tún ìwé tí wọ́n fi ń dá àwọn nǹkan báyìí mọ̀ kọ, wọ́n sì kó gbogbo orúkọ àtijọ́, títí kan Asperger, tí wọ́n fi ń pe ti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Inú ìtẹ̀jáde yẹn ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ara ṣe ń gba ariwo, iná, òórùn àti ìfọwọ́kàn wà lára àmì rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀. Ẹni tó bá ti bá àbúrò mi lọ sóde àríyá rí ì bá ti sọ fún wọn.

Ẹ bá mi wọ gbọ̀ngàn kan lọ́jọ́ Sátidé. Gángan ń dún, spíkà ń ya, fáànù ń kùn lókè, iná ń ṣẹ́jú, kọ́là léèsì ń yún èèyàn lọ́rùn, òórùn lọ́fínńdà àti ti ẹran díndín ti dà pọ̀, ìyá kan sì ń fà yín lápá kí ẹ wá kí ẹnì kan tó pọ̀n yín nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré. Ọpọlọ tèmi ní asẹ́: ó ń sẹ́ gbogbo ìyẹn, ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìkan ló ń kọjá. Asẹ́ ti àbúrò mi, ihò rẹ̀ tóbi. Ìró gángan àti ìró fáànù ń wọlé ní ìwọ̀n kan náà, ó sì ní léèsì yẹn máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́ kọ nǹkan sí òun lọ́rùn. Tó bá fi máa tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ti wà nínú mọ́tò, tí wíńdò wà ní títì. Ẹbí ní òṣónú ni. Àwọn kan ní owó ló ń gùn ún.

Àwọn ìwé òyìnbó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ojú: wọ́n ní ẹni tó ní ọ́tísìmù kì í sábà wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Nílé tiwa, ta ló fẹ́ kí ọmọ máa wo ojú àgbà? Ọmọ tó ń wolẹ̀ nígbà tí bàbá ẹ̀ ń bá a wí, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Torí náà àmì yẹn kọjá lójú gbogbo wa. Ìkíni ló kó bá a. Ó lè gba iwájú ìyá àgbà kọjá bí ẹni gba iwájú kọ́bọ́ọ̀dù kọjá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbátí, Màmá kọ́ ọ ní òfin: tó o bá ti rí àgbà, kà á sínú, ení, èjì, kó o dọ̀bálẹ̀, tó o bá dìde, rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá ló sọ fún mi pé òun ṣì ń ka ení, èjì yẹn ní gbogbo ìpàdé ibi iṣẹ́ kí òun tó rẹ́rìn-ín sí ọ̀gá òun. Ó ti ń lọ sí ogójì ọdún.

Irú dídíbọ́n yìí wọ́pọ̀ lára àwọn àgbàlagbà tó ní ọ́tísìmù, pàápàá àwọn obìnrin, òun sì wà lára ìdí tí àwọn kan fi ń pé ogójì tàbí àádọ́ta ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Àwọn ará ìta kò rí nǹkan kan. Agbára tó ń gbà ni wọn kò rí. Ní Cambridge, nígbà tí wọ́n bi àgbàlagbà 374 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé wọ́n ní Asperger, 66 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ó ti ṣe àwọn rí bíi kí àwọn para àwọn. Ọdún 2014 ni èsì yẹn jáde, kò sì sí ìgbà tí mo rántí ẹ̀ tí kì í bà mí nínú jẹ́.

Mo wá lè dá Màmá lóhùn báyìí, ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Yàrá ọ́fíìsì rẹ̀ ni wọ́n wó. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kó gbogbo èèyàn sínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ní àga tiẹ̀ mọ́, ibi tó bá ṣófo láàárọ̀ ni kóówá máa jókòó sí. Ó fara dà á fún oṣù márùn-ún. Lọ́jọ́ kan kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kì í ṣe ọ́tísìmù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ogójì ọdún ení-èjì ló wó lulẹ̀. Dókítà ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ìlànà ìjọba ní kó má ju ọ̀sẹ̀ 13 lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò náà. Ní ìparí 2024, ó lé ní 200,000 èèyàn tó wà lórí ìlà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni tiẹ̀ gbà. Iṣẹ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kí ó tó kan án, kì í sì í ṣe òun nìkan: nígbà tí iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba Britain kà á ní 2020, nǹkan bí 22 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà tó ní ọ́tísìmù ló níṣẹ́ tó ń mówó wọlé.

Kí n tó bọ́ sórí ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn àgbẹ̀ kan.

Ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ ọ́tísìmù sí lára nínú ìwé ìṣègùn kò kú ní kékeré. Donald Triplett ni, ọmọ ìlú Forest ní Mississippi, tí wọ́n bí ní 1933. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí wọ́n gba àwọn òbí rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi í sí ilé ìtọ́jú tó jìnnà sílé, kí wọ́n sì gbàgbé ẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan wọ́n lọ mú un jáde. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ lọ́yà, kọ lẹ́tà olójú ewé 33 sí dókítà Leo Kanner ní Baltimore. Ní 1943 ni Kanner kọ ìwé rẹ̀ lórí ọmọ 11, Donald ló sì ṣíwájú.

Ìgbà tí ọmọ náà tó bí ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ tọkọtaya àgbẹ̀ kan nítòsí. Wíwọn nǹkan àti kíka nǹkan ló gba ọmọ náà lọ́kàn. Ọkùnrin náà kò nà án. Ó ní kó bá òun gbẹ́ kànga, kó sì máa sọ bó ṣe jìn tó. Nígbà tó ń ka poro àgbàdo lákàtúnkà, ó gbé ohun ìtúlẹ̀ àti ẹṣin lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa kà wọ́n bó ṣe ń túlẹ̀ wọn. Kanner lọ bẹ̀ wọ́n wò ní 1945, ó sì fojú ara rẹ̀ rí ọmọ náà tó ń túlẹ̀ poro mẹ́fà gbọọrọ, tó ń darí ẹṣin, tó ń yí i padà ní orí poro bí àgbà àgbẹ̀. Iye yẹn ṣì ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Oko sì ti di títú.

Donald kàwé gboyè nínú èdè Faransé ní 1958, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì ìlú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó kọ́ ọkọ̀ wíwà ní ọmọ ọdún 27, ó ń gbá gọ́ọ̀fù, ó dá rìnrìn àjò dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó máa ń fún àwọn èèyàn ní nọ́ńbà dípò orúkọ, kì í sì í gbàgbé nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Ó kú ní oṣù kẹfà 2023, ẹni ọdún 89, ọ́tísìmù rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ digbí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìtàn yẹn tàn yín. Ẹbí ìyá rẹ̀ ló ni báńkì yẹn. Nígbà tí Kanner tọpa àwọn ọmọ 11 náà ní 1971, àwọn tí wọ́n kó lọ sí ilé ìtọ́jú ìjọba ti dà bí ẹni tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í wé bẹ́ẹ̀. Àbímọ́ kan náà, ilé tó yàtọ̀.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan tó tú àṣírí ìjà tó wà nílẹ̀ yìí. A ń wo èèyàn: a tẹjú mọ́ ọn. A tún ń wo aláìsàn: à ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nínú ọ̀rọ̀ ọ́tísìmù, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n pè ní ìwòsàn, ara òǹwòran ló ń tù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá èyí tó dáa mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa, ẹ béèrè pé ìṣòro ta ni wọ́n ń yanjú: ti ẹni tí nǹkan ń ṣe, àbí ti ẹni tó ń wò ó?

Ẹ mú oògùn. Kò sí èyí tó ń wo ọ́tísìmù fúnra rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Méjì tí àjọ oògùn Amẹ́ríkà fọwọ́ sí, risperidone ní 2006 àti aripiprazole ní 2009, ìbínú fùfù àti ṣíṣe ara ẹni léṣe lára àwọn ọmọdé ni wọ́n wà fún. Wọ́n ń múni sùn, wọ́n sì ń múni sanra. Ìlànà tí àjọ NICE gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012 fún àwọn àgbàlagbà sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé kí dókítà má fún ẹnikẹ́ni ní oògùn wèrè, fítámì, tàbí oògùn tó ń fa irin jáde nínú ẹ̀jẹ̀ nítorí ọ́tísìmù. Oògùn ìfa-irin yẹn ló pa ọmọ ọdún márùn-ún kan tí wọ́n gbé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Pennsylvania ní 2005. Ó fa kálísíọ̀mù jáde lára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì dúró. Àwọn kan ń ta omi bílíìṣì fún àwọn òbí bí oògùn ọ́tísìmù títí dòní. Ẹni tó bá tà á fún yín, ẹ pe ọlọ́pàá.

Ohun tó bá ọ́tísìmù rìn lọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Wárápá ní oògùn. Àìrórunsùn, àníyàn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, gbogbo wọn ló ní ìtọ́jú, wọ́n sì wọ́pọ̀ lára àwọn èèyàn wa yìí. Ibẹ̀ ni mo sọ fún Màmá pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ oògùn wọn sí.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń fún wọn ní oògùn tó ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́ ti pọ̀ jù. Gbogbo àwa tí à ń ṣe kéà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la mọ orúkọ Oliver McGowan, torí orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ ọdún 18 ni, ó ní ọ́tísìmù, ó sì ní wárápá. Ní 2016 ní Bristol, òun àti àwọn òbí rẹ̀ sọ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n má fún un ní oògùn wèrè, pé kì í bá a lára mu. Wọ́n fún un. Ọpọlọ rẹ̀ wú, ó sì kú. Òfin ọdún 2022 ló wá sọ ọ́ di dandan kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti ìtọ́jú gba ẹ̀kọ́ lórí ọ́tísìmù.

Kí n má sì máa nàka sí àwọn dókítà nìkan. Nínú ilé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọkùnrin kan wà tí kì í sọ̀rọ̀. Ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbá ògiri, ó gé ẹnì kan nínú wa jẹ lápá. A kọ "ìwà ipá" sínú ìwé. Wọ́n fi kún oògùn ẹ̀. Ó wá ń sùn lórí àga ní ọ̀sán, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu ẹ̀, ilé pa rọ́rọ́, gbogbo wa ní oògùn ń ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin Èkìtì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ló wò ó nígbà tó ń jẹ búrẹ́dì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé apá kan ṣoṣo ló fi ń jẹun?" Nígbà tí dókítà eyín máa ya ẹnu ẹ̀, eyín méjì ti jẹrà dé ìdí, erìgì rẹ̀ ti kún fún ọyún. Wọ́n yọ wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, kò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbá ògiri mọ́. Ọwọ́ èmi náà wà nínú ìwé tí wọ́n kọ "ìwà ipá" sí.

Ìjà tó gbóná jù wà lórí kíkọ́ ìwà, èyí tí wọ́n ń pè ní ABA. Ole Ivar Lovaas, onímọ̀ ìrònú èèyàn ní yunifásítì UCLA ní California, ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Ní 1987 ó ní nínú ọmọ 19 tí àwọn kọ́ fún nǹkan bí wákàtí 40 lọ́sẹ̀, mẹ́sàn-án ti di ẹni tí a kò lè dá mọ̀ láàárín àwọn ọmọ yòókù. Ọ̀pọ̀ òbí ta ilé torí gbólóhùn yẹn. Àwọn olùkọ́ ABA òde òní ní àwọn ti fi ìyà jíjẹ sílẹ̀, pé eré àti ẹ̀bùn làwọn fi ń kọ́ni, àwọn òbí kan sì jẹ́rìí pé ibẹ̀ ni ọmọ àwọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ilé ìgbẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń béèrè omi. Lódì kejì, àwọn tí wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti dàgbà ń sọ pé dídíbọ́n ni wọ́n kọ́ àwọn: gbé ọwọ́ sílẹ̀, wo ojú mi, gba súìtì. Lójú tèmi, kíkọ́ èèyàn láti sọ pé "ó ń dùn mí" dáa púpọ̀. Kíkọ́ ọ láti má ju ọwọ́ mọ́, nígbà tí ọwọ́ jíjù kò pa ẹnikẹ́ni lára tó sì ń fi í lọ́kàn balẹ̀, òǹwòran nìyẹn ń wò.

Ibi tí ọ̀nà yẹn lè gbéni dé ló bani lẹ́rù. Ilé kan wà ní Canton, Massachusetts, Judge Rotenberg Center, tí àwọn kan nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀, àgbàlagbà pẹ̀lú, ń gbé ẹ̀rọ kan kọ́ ẹ̀yìn. Tí wọ́n bá ṣe ohun tí wọ́n kọ̀ fún wọn, òṣìṣẹ́ á tẹ bọ́tìnnì, iná á gbé wọn. Fídíò tí wọ́n wò ní kóòtù ní 2012 fi hàn bí wọ́n ṣe fi iná gbé ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan nígbà 31 lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní 2002. Ẹ̀wù òtútù tí kò bọ́ lọ́rùn ni ẹ̀ṣẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀. Àjọ oògùn Amẹ́ríkà fòfin de ẹ̀rọ náà ní 2020, ilé ẹjọ́ fagi lé òfin náà ní 2021, ilé aṣòfin tún agbára àjọ náà ṣe ní ìparí 2022, àjọ náà sì tún dábàá ìfòfindè míì ní 2024. Àwọn òbí kan ṣì ń dúró ti ilé yẹn gbágbáágbá. Wọ́n ní ọmọ àwọn ì bá ti fọ́ ojú ara rẹ̀.

Gbólóhùn àwọn òbí yẹn ló gbé wa dé ìdí ìjà náà. Ní 1993, Jim Sinclair, tó ní ọ́tísìmù, sọ fún àwọn òbí ní ìpàdé kan ní Toronto pé kí wọ́n má ṣọ̀fọ̀ ẹni tó ṣì wà láàyè, pé ọ́tísìmù kì í ṣe aṣọ tí èèyàn lè bọ́ kó ku ọmọ míì sílẹ̀. Látibẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń sọ pé "ẹ má wò wá sàn, ẹ yé wa" ti ń gbèrú. Ẹgbẹ́ ńlá Autism Speaks ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń bá jà jù, yọ ọ̀rọ̀ ìwòsàn kúrò nínú ètò rẹ̀ ní 2016. Ní 2012 ni Damian Milton, onímọ̀ àwùjọ ní Britain tí òun náà ní ọ́tísìmù, sọ ọ̀rọ̀ tó yé mi jù: àìgbọ́ra-ẹni-yé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kan. Wọn kò lè ka ojú wa. Àwa náà kò lè ka tiwọn. Àwọn olùwádìí ní Edinburgh dán an wò: wọ́n ní kí ẹnì kan sọ ìtàn fún ẹnì kejì, ẹnì kejì fún ẹ̀kẹta, títí dé ẹ̀kẹjọ. Àwọn tó ní ọ́tísìmù sọ ọ́ fún ara wọn dáadáa bí àwọn tí kò ní in ṣe sọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n pa wọ́n pọ̀ ni ìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ìdánwò tó tóbi ju ìyẹn lọ kò tún rí jíjò yẹn mọ́, àmọ́ ti àkọ́kọ́ dúró: láàárín ara wọn, wọ́n ń gbọ́ra wọn yé.

Ẹ lọ sọ gbogbo èyí fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún 25 ń gbá orí mọ́lẹ̀ lóru, tí kò ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu, tí ìyá náà kò sùn mọ́jú láti ọdún mẹ́wàá. Yóò bi yín pé yíyé wo. Torí irú wọn ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan fi dábàá nínú The Lancet ní 2021 pé kí wọ́n fún ọ́tísìmù tó le gan-an ní orúkọ tirẹ̀. Nígbà tí CDC, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìlera ará ìlú ní Amẹ́ríkà, fi ìwọ̀n yẹn wọn àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ní ọ́tísìmù, ó lé díẹ̀ ní 26 nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó bọ́ sí i. Àwọn kan ní orúkọ tuntun yóò tún kó wọn padà sínú ilé ìtọ́jú àtijọ́. Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ ni pé àwọn méjèèjì ń jà lórí èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan. Ìyá yẹn nílò òṣìṣẹ́ òru àti dókítà tó mọṣẹ́. Àbúrò mi nílò ilẹ̀kùn.

Ìyẹn ni ìtọ́jú tiẹ̀, tí Màmá bá fẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀. Ó ríṣẹ́ míì ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn: yàrá kékeré, ilẹ̀kùn tó ń tì, ìwé dípò ìpàdé, hẹ́dífóònù tó ń pa ariwo. Òfin Britain ló fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè wọn, kò sì ná ilé iṣẹ́ náà ju owó hẹ́dífóònù lọ. Ó ń rí ẹnì kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì nítorí àníyàn. Màmá kì í pè é láìròtẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó kọ́kọ́ dùn wọ́n. Wọ́n ní ṣé ọmọ ni wọ́n ń pè ni àbí gómìnà. Ní báyìí ó máa ń fèsì tó gùn débi tí wọ́n fi ní kí n bá wọn kà á.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣègbéyàwó ní Manchester, Màmá sì wá. Wọ́n ti bá a wá ṣòkòtò àti bùbá àńkárá tí wọ́n fọ̀ rọ̀, kò sí léèsì. Gbogbo wa ń rò pé inú mọ́tò ló máa lọ nígbà tí onílù bá dé. Àmọ́ Màmá ti bá alága ìdúró sọ̀rọ̀: òun ni wọ́n gbé kíka owó tí wọ́n bá ná lójú agbo fún. Yàrá kékeré wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n ń kó àga sí. Wọ́n ń ru owó lọ bá a níbẹ̀ nínú àpò aláwọ̀ ewé, dọ́là kọ̀ọ̀kan, náírà, pọ́n-ùn márùn-ún, gbogbo rẹ̀ rún wómúwómú, ó sì ń nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń to orí àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà sí ọ̀nà kan náà.

Nígbà tó di aago mẹ́jọ, Màmá wò yíká, wọ́n ní, "Lọ bá mi wò ó."

Mo kan ilẹ̀kùn. Ó ní kí n dúró, òun ti dé 417.